Obìnrin Tó Wọ Aṣọ Ọmọ Mi

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹjọ, 1965.

Màámi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìdúró ọjà, ẹ kú àdánìkanwà. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ẹ bá mi kí Nne Ifeoma ará ilé wa, ẹ sọ fún un pé mi ò tíì rù. Bàbá Olúwẹ̀mímọ́ tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí náà, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan, bí mo bá tilẹ̀ bú yín nínú rẹ̀.

Ẹ ní kí n sọ bí ọkọ mi ṣe ń ṣe sí mi. Màámi, ó ń ṣe dáadáa. Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n so yìgì wa ní Oníṣà, tí Ràsákì ti wà níbí, tó jẹ́ pé fọ́tò rẹ̀ ni àbúrò bàbá rẹ̀ gbé mọ́ àyà jókòó níwájú Àlùfáà. Nne Ifeoma ń bi yín pé ṣé fọ́tò yẹn ló máa gbé mi wọlé ni. Ẹ wí fún un pé fọ́tò ti di ènìyàn o! Ó ga ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì ń hanrun.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó ní òun fẹ́ mú mi lọ wo òkun. Mo ní òkun wo? Ṣé èyí tí mo bì sí láti Èkó títí dé ìlú yín yìí? Ó ní ìyẹn òkun ìrìn-àjò, èyí òkun fàájì ni. A wọ rélùwéè lọ sí ibi kan tí wọ́n ń pè ní Bráítìn. Òkúta ló kún etí òkun ibẹ̀ dípò iyanrìn. Bàtà mi ń yẹ̀, òkúta ń gún mi lẹ́sẹ̀, ni Ràsákì bá bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n gun òun lẹ́yìn. Èmi Súlìyát! Níṣojú àwọn òyìnbó! Mo gùn ún, Màámi. Àwọn arúgbó tó jókòó sórí àga aláṣọ ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Afárá onígi kan wà níbẹ̀ tó gùn wọ inú òkun, kò sì dé ibì kankan. Mo bi Ràsákì pé kí ni wọ́n ń fi irú afárá bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó ní wọ́n ń rìn lọ, wọ́n ń rìn bọ̀ ni. Èyí tí wọ́n ń kọ́ sórí Odò Ọya níwájú wa ńkọ́, ṣé ó ti kan Àsàbà?

Lẹ́yìn tí a jẹ ẹja díndín tán, a yà sọ́dọ̀ onífọ́tò kan létí òkun. Mo jókòó, Ràsákì dúró. Òtútù ti mú mi, àdìrẹ yín ni mo fi bora. Fọ́tò náà ló wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi. Nígbà tí à ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, a ò fọhùn púpọ̀, ó ti rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò rí i rí láyé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ata gígún láti ọjà Ose Okwodu ránṣẹ́ sí mi. Ata ibí, pípọ́n lásán ló pọ́n.

Èmi ni ọmọ yín,
Súlìyát Àjọkẹ́.


Oníṣà,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 1965.

Sí Súlìyát Àjọkẹ́ ọmọ mi, bí ó bá wà láàyè.

Bàbá Olúwẹ̀mímọ́ ní a kì í kí ènìyàn báyìí nínú lẹ́tà. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe wí i.

Lẹ́tà dé, fọ́tò dé. Wọ́n ka lẹ́tà, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, pàápàá níbi tí o ti gun ọkọ lẹ́yìn. Mo wá ní kí wọ́n gbé fọ́tò fún mi. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ta ni obìnrin yìí?

Mo tún un bi: ta ni obìnrin tó jókòó síwájú Ràsákì?

Gbọ́ mi dáadáa. Lẹ́tà, ẹlòmíràn ló ń bá mi kà á. Ohun tó bá wu ẹni tó kọ ọ́ ló lè kọ, ohun tó bá wu ẹni tó ń kà á ló lè kà. Bàbá Olúwẹ̀mímọ́ ń fajú ro bí mo ṣe ń wí èyí, ó máa fara dà á. Fọ́tò nìkan ni mo lè fi ojú ara mi kà. Mo sì ti kà á. Mo gbé e síta gbangba níwájú ilé, mo kà á lábẹ́ oòrùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin yẹn ń dán bí àwo tánńganran. Kò sí ilà kan ṣoṣo níbẹ̀.

Nígbà tí a bí ọ sí Oníṣà yìí, àwọn ará wa ń sọ pé kí a fi ojú ọmọ sílẹ̀, pé ayé ti là. Bàbá rẹ Màmúdù, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ní ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odò, kí ni a óò fi mọ̀ ọ́n bó bá sọnù? Ó kó wa wọ lọ́rí lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Olóolà kọ ọ́ ní àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta, o ké títí ohùn rẹ fi há. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ mú. Ṣé ilà tí mo bá wọn di ẹsẹ̀ ọmọ mú fún ni mi ò ní mọ̀?

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé obìnrin náà wọ aṣọ ọmọ mi. Àdìrẹ tí mo fún ọ ni. Ibi tí eku jẹ lápá òsì tí mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀, ó hàn kedere. Kí ló gbé aṣọ ọmọ mi dé èjìká rẹ̀? Níbo ni ọmọ tó ni aṣọ wà? Ó tún jókòó, ó fẹsẹ̀ lélẹ̀, ọkọ dúró tì í lẹ́yìn bí ìránṣẹ́ kóòtù. Nne Ifeoma ní ìwọ ni, pé òtútù ìlú òyìnbó ló yí ọ padà. Mo ní láti ìgbà wo ni òtútù ti ń pa ilà rẹ́? Ìyá Mùínàt tó ń ta léèsì wí fún mi lọ́jà pé àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún máa ń fẹ́ àwọn obìnrin dúdú láti Jàmáíkà, tí àwọn yẹn kì í kọlà. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ràsákì, bó bá jẹ́ ìwọ lò ń ka lẹ́tà yìí, èmi Bílíkísù ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Mi ò fojú kàn ọ́ rí. Fọ́tò ni mo fi ọmọ fún, fọ́tò ló sì dá padà fún mi. Níbo lo gbé ọmọ mi sí?

Ata wà nílẹ̀, mo ti gún un, mo ti dì í. Mi ò ní fi ránṣẹ́ títí màá fi mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ìyá Súlìyát.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá, 1965.

Màámi,

Mo kúnlẹ̀. Mo wà láàyè, ara mi le, àyàfi òtútù.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ràsákì kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tún un kà, èmi náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi ni mo wà nínú fọ́tò yẹn. Iná tí àwọn onífọ́tò ibí ń tàn síni lójú ti pọ̀ jù, ó máa ń pa nǹkan rẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ lóyún mi, ẹ fún mi lọ́yàn, ẹ dirun fún mi títí di ọjọ́ tí mo wọkọ̀. Ṣé ilà nìkan lẹ fi mọ̀ mí ni? Imú mi ńkọ́? Ẹnu mi ńkọ́? Bí wọn ò bá kọ mí nílà ni, ẹ̀yin ìbá kàn pọn ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé lọ́jọ́ kan?

Ẹ dákun, ẹ yọ Ràsákì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ẹ fi ata mi ránṣẹ́.

Súlìyát.


Oníṣà,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, 1966.

Súlìyát, tàbí ẹnikẹ́ni tó ń kọ̀wé lórúkọ rẹ̀,

Iná wo? Iná tó mọ ẹni tí yóò mú, tó sì mọ ẹni tí yóò fi sílẹ̀? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ wà níwájú iná kan ṣoṣo. Àbàjà Ràsákì hàn ketekete, mo lè fi ìka tọ̀ ọ́. Àfi tìrẹ nìkan ni iná rí pa rẹ́. Ọmọ tí mo bí kì í pa irọ́ tó rọ báyìí. Bó bá fẹ́ purọ́, á pa á kó gún. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kì í ṣe òun ló ń kọ̀wé sí mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

O ní kí n má bi ọ́ mọ́. Wàláhì, gbólóhùn yẹn ló dá mi lójú jù pé nǹkan wà ńbẹ̀.

Mo ti ránṣẹ́ sí Gbàdàmọ́sí, bàbá Ràsákì, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní kó bi ọmọ rẹ̀ níbi tó gbé ọmọ mi sí. Bí ọdún yìí bá yí, tí mi ò rí ojú ọmọ mi pẹ̀lú ilà bàbá rẹ̀ lára rẹ̀, màá ní kí Àlùfáà tú yìgì náà. Fọ́tò ni wọ́n so ó mọ́, fọ́tò náà la ó dá padà fún wọn. Mi ò ṣeré.

Ìròyìn ibí ni pé ìjọba ti di ti sójà. Wọ́n ti ṣí afárá Odò Ọya, mọ́tò ń gba orí rẹ̀ lọ sí Àsàbà, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń wojú Ọlọ́run. Èmi ò tíì gùn ún. Ibo ni mò ń lọ? Àdírẹ́sì kan ṣoṣo tí ọmọ mi mọ̀ nìyí. Bó bá sá kúrò níbi tí wọ́n há a mọ́, ibí ló máa kọ̀wé sí.

Bílíkísù.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, 1966.

Ìyá wa,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ ò rí mi rí, ìdọ̀bálẹ̀ yìí náà ẹ ò rí i, ṣùgbọ́n mo wà nílẹ̀.

Bàbá mi ti kọ̀wé sí mi, wọ́n bú mi bí ẹní láyin. Súlìyát kò mọ̀ pé mò ń kọ èyí. Ó ní bí ìyá tó bí òun kò bá mọ òun, òun ò ní fi lẹ́tà bẹ ẹnikẹ́ni kó mọ òun. Ẹ mọ bí ọmọ yín ṣe le tó. Èmi ò lè máa wò ó kí ilé wa tú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń lọ wo òkun, ìyá àgbà òyìnbó kan jókòó dojú kọ wá nínú rélùwéè. Mo dìde lọ ra tíì. Nígbà tí mo padà dé, ìyá náà ti di ọwọ́ Súlìyát mú, ó sì wò mí bí ẹni ń wo apànìyàn. Ó ti bi Súlìyát pé ṣé èmi ni mo fi ọ̀bẹ kọ ọ́ lójú báyẹn. Ó ní bí ó bá fẹ́, kí àwọn méjèèjì jọ sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn, òun á mú un lọ bá ọlọ́pàá. Súlìyát rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé fún un. Ìyá náà kò gbà á gbọ́. Títí a fi sọ̀, ó ń wò mí ni.

Ìyá wa, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn, ìbéèrè kan náà ni: ta ló ṣe ọ́ báyìí? Èmi, ilà wà lójú mi, kò sẹ́ni tó ń bi mí. Wọ́n rò pé ọkùnrin ló máa ń ja irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Létí òkun, ó ti gbàgbé, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ onífọ́tò, ọkùnrin náà ní òun lè nu ojú ìyàwó mọ́ lára fọ́tò kí òun tó tẹ̀ ẹ́, pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Mo ní rárá. Súlìyát ní kó nù ún. Ó ní òun fẹ́ fọ́tò kan, ẹyọ kan péré, tí ẹnikẹ́ni ò ní wò kó tó bi òun pé ta ló ṣe òun báyìí. A jà nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀. Ìdí tí a ò fi fọhùn nìyẹn.

Kò ro ti yín nígbà tó ń fi ránṣẹ́. Fọ́tò náà ló dùn mọ́ ọn nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tú wa ká.

Ọmọ yín,
Ràsákì.


Oníṣà,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, 1966.

Àjọkẹ́,

Ó ti pẹ́ tí lẹ́tà Ràsákì ti dé. Mi ò fèsì nítorí mi ò mọ ohun tí màá gbà gbọ́ nínú rẹ̀. Ó dùn létí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ṣe nǹkan burúkú náà máa ń dùn létí. Ọkùnrin tí mi ò rí rí ló ń sọ fún mi pé ọmọ mi ló ní kí wọ́n nu orúkọ bàbá rẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ìwọ Àjọkẹ́, tó jẹ́ pé o máa ń fi ìka tọ ilà rẹ fún àwọn ọmọ Nne Ifeoma, tí o máa ń sọ fún wọn pé èyí ni Ògbómọ̀ṣọ́, èyí ni bàbá mi? Ó ṣòro fún mi. Mo ní ó ṣòro fún mi o.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti ju ìyẹn lọ. Àwọn ènìyàn ń tú dé láti Òkè Ọya. Rélùwéè ń kó wọn dé Ẹ̀núgù, lọ́rí ń kó wọn dé ibí. Wọ́n ti pa wọ́n bí ẹran lọ́hùn-ún. Àbúrò Nne Ifeoma dé láti Kánò, apá kan ló mú bọ̀, ìyàwó rẹ̀ kò bá a dé. Mo gbé oúnjẹ wọlé fún un, mo ní "ndo", mo fi bá a kẹ́dùn. Ó gbójú sókè, ó rí ojú mi, ó dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Kò mọ ìyàtọ̀ àbàjà sí ilà ará Kánò. Ojú tí wọ́n kọ nílà ló mọ̀. Mi ò lè bínú sí i. Nne Ifeoma sunkún, ó ní kí n máa fi gèlè bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí mo bá ń lọ sọ́jà. Èmi, tí mo ti ń ná Ose Okwodu kí àwọn tó ń wò mí yìí tó mọ̀ ọ́n rìn! Lánàá, ọkùnrin kan bi mí lójú ọ̀nà pé ará ibo ni mí. Mo fi èdè Ìbò dá a lóhùn, mo fi ìran baba rẹ̀ bá a ṣàwàdà. Kò rẹ́rìn-ín.

Ilà tó sọ nù lójú rẹ, òun ni wọ́n ń wò lójú mi báyìí.

Àwọn ará wa ń lọ. Ìyá Mùínàt ti lọ. Bàbá Olúwẹ̀mímọ́ ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Sátidé ni yóò gun afárá lọ sí Abẹ́òkúta. Ó ti bẹ̀ mí títí kí a jọ lọ. Mo ní rárá. Lẹ́tà yìí ni ìgbẹ̀yìn tí yóò bá mi kọ, ó ń nu ojú bó ṣe ń kọ ọ́. Bó bá ti lọ, kò sẹ́ni tí yóò ka Yorùbá fún mi mọ́ nílé yìí. Nítorí náà, má kọ lẹ́tà. Fọ́tò ni kí o fi ránṣẹ́, mo lè ka ìyẹn láìsí ẹnikẹ́ni. Fi ojú rẹ síta, má bora, kí n rí ilà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọjọ́ tí mo bá rí i, ọjọ́ náà ni màá gun afárá. Títí di ìgbà náà, ibí ni mo wà.

Ìyá rẹ.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta, 1967.

Màámi,

Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò ka èyí sí yín létí. Mò ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Lẹ́tà yín pẹ́ kó tó dé, àwọn tó fi í sínú àpò ìwé ni wọ́n mọ ibi tó gbà. Rédíò ń sọ ọ̀rọ̀ Nàìjíríà níbí, mi ò lè jẹun. Gbogbo ohun tí Ràsákì wí, òótọ́ ni. Mo ti pariwo mọ́ ọn pé ó sọ ọ́, mo sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fọ́tò nìyí. Onífọ́tò ìtòsí wa ló yà á. Mo jókòó sún mọ́ ọn, mo kó irun kúrò lójú, mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ilà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé. Ẹ tún wo abẹ́ aṣọ mi dáadáa, ẹ óò rí i pé a kì í ṣe ẹnì kan mọ́. Oṣù kẹfà ni wọ́n dá fún wa.

Ẹ ti rí ojú mi wàyí. Ẹ dákun, ẹ gun afárá. Ẹ fi gèlè bojú kí ẹ gùn ún, ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ọjọ́ kan péré ni.

Súlìyát yín.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, 1967.

Àjọkẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n tí mi ò ṣì pọ̀n,

Àdìó àbúrò bàbá rẹ ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ara mi le.

Láti ìgbà tí Bàbá Olúwẹ̀mímọ́ ti lọ, mi ò rí lẹ́tà, mi ò rí fọ́tò. Mò ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ títí wọ́n fi ní kí n má wá mọ́. Nne Ifeoma mú mi lọ sí ìdílé rẹ̀ ní Obosi lẹ́bàá Oníṣà, ó fi mí pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ ń ká òun náà láyà. Wọ́n ń sọ ládùúgbò pé ó ń tọ́jú amí. Ó wá kúnlẹ̀ fún mi, àgbàlagbà obìnrin, ó ní, "Nne Suli, lọ. Bí o bá kú sílé mi, kí ni màá wí fún Suli?" Mo ní mi ò tíì rí fọ́tò. Ó ní fọ́tò wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ọmọ mi. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì ni mo di ẹrù, kí wọ́n tó kéde orílẹ̀-èdè tuntun lọ́hùn-ún. Kò tíì sí ẹni tó lè sọ bí Nne Ifeoma ṣe wà fún mi láti ọjọ́ náà. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọ.

Mi ò bojú. Mo ní bí mo bá bojú, wọn á ní kí ni mò ń fi pamọ́.

Sójà dá wa dúró lẹ́nu afárá. Èyí tó mú mi jókòó sílẹ̀ tú ẹrù mi wò. Ó bi mí, "Ị bụ onye ebee?", pé ará ibo ni mí. Mo ní ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, opó ni mí, mò ń lọ sílé. Ìbò tí mo fi dá a lóhùn já gaara, ìyẹn gan-an ló tún kó bá mi. Ó ní ẹ̀kọ́ amí nìyẹn. Ó wá kan fọ́tò bàbá rẹ àti tìrẹ nínú aṣọ, ó gbé tìrẹ sókè. Ó bi mí pé ta nìyí. Mo ní, "Ọ bụ nwa m." Ọmọ mi ni.

Ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe ẹnì kejì rẹ̀. Ó ní, "Wò ó, ìyá nílà, ọkùnrin yìí nílà, ojú obìnrin yìí mọ́ tónítóní. Ó ní ọmọ òun ni! Mama, ìyàwó ta nìyí? Níbo lo ti rí fọ́tò rẹ̀? Kí lo fi ẹni tó ni ín ṣe?"

Àjọkẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ń bú Ràsákì láti ìgbà tí fọ́tò náà ti dé, òun ló ń jáde lẹ́nu sójà, ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní irọ́ ni. Mo gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Mo ní wo etí rẹ̀ òsì, ó lẹ̀ mọ́ orí ju ọ̀tún lọ, ẹ̀gbẹ́ yẹn ló fi máa ń sùn lẹ́yìn mi. Mo ní wo iwájú orí rẹ̀, ti bàbá rẹ̀ ni, bàbá rẹ̀ náà nìyí nínú fọ́tò kejì, fi wọ́n wéra. Mo ní wo ìka rẹ̀, wo bó ṣe di etí aṣọ yẹn mú. Láti kékeré ló ti máa ń di aṣọ mi mú báyẹn bí ẹ̀rù bá bà á láàárín ọjà. Mo ní wo ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀, ó ká a sínú, ó fi eyín tẹ̀ ẹ́. Bó ti máa ń ṣe nìyẹn bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá ti dùn ún, tí kò fẹ́ kí a mọ̀ pé òun fẹ́ sunkún.

Mo ti ń wo fọ́tò yẹn láti ọjọ́ yìí wá, ilà ni mò ń wá kiri lójú rẹ, mi ò rí ẹkún tó wà ńbẹ̀.

Sójà náà bi mí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, pé kí ló ń ṣe é. Mo ní wọ́n ń bi í ní ìbéèrè tí ìwọ náà ń bi mí yìí. Ó ká fọ́tò náà sínú aṣọ fún mi. Ó ní, "Nne, gawa," ìyá, máa lọ. Mo rìn án láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò wẹ̀yìn.

Sọ fún Ràsákì pé èmi Bílíkísù tọrọ àforíjì. Ọjọ́ tí mo bá fojú kàn án, kó má dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ti ṣe é tó. Àdìó yóò fi ata rẹ ránṣẹ́, èyí tí mo dì láti ọjọ́ kìíní náà ni. Mo gbé e sá dé Obosi, mo gbé e gun afárá. Bí kò bá ta mọ́, fara dà á.

Bó bá jẹ́ pé o ti fi fọ́tò mìíràn ránṣẹ́ sí Oníṣà, má jẹ́ kó dùn ọ́, má sì wulẹ̀ fi òmíràn ránṣẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi tó mi. Mo ti gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ. Àwọn ará ilé ń wọlé, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń bi mí pé ta ni obìnrin tí kò nílà yìí. Mo ní Súlìyát ọmọ mi ni. Ẹ ò rí i bó ṣe ń pa ẹkún mọ́ra?

Ìyá rẹ,
Bílíkísù.